Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Lọ sí Ọmọ̀lé

Kò sí ẹni tó lè fi màlúù tàn mí jẹ. Mo máa ń sọ ọ́ ní Oko Ọba, níbi tí a ti ń dúńbú màlúù ní Agége, mo sì tún ń kọ ọ́ síbí. Kí ẹran tó sọ̀ kalẹ̀ látinú tírélà ni mo ti mọ èyí tó ń ṣàìsàn, mo ti mọ èyí tí wọ́n fún ní iyọ̀ lá kó lè mu omi púpọ̀, kí ikùn rẹ̀ sì rí rọ̀bọ̀tọ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan. Mo dé ìwé kẹrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi kú, mo sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sí Agége láti kọ́ṣẹ́ alápatà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé ló ń wá ra ẹran lọ́wọ́ mi, èyí tí mo bá sì gé fún wọn ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ò dúró dìgbà tí mo dàgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ìgbà ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti wọlé tipẹ́, ó ti jókòó sínú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tí èéfín wọn kì í sinmi nígbà kan ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó sì máa ń ra ẹran itan ní òpin oṣù wá ń bèèrè egungun àti pọ̀nmọ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa tó fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì, ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé láti oṣù dé oṣù.

Kò sí ẹni tí mi ò sọ fún pé ọmọ mi wà ní yunifásítì. Ẹni tó bá wá ra ṣàkì lásán á gbọ́ ọ kó tó lọ. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá máa ba ẹ̀kọ́ ọmọ yẹn jẹ́, èmi ló máa kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ọmọ̀lé, àdúgbò àwọn olówó. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ń gbé níbẹ̀, pé bàbá ọ̀rẹ́ náà ra kọ̀ǹpútà sílé, pé eré kan sì wà nínú rẹ̀ tí èèyàn fi ń wa bàálù.

Mo ní, “Bàálù mélòó ló ń kọjá lórí òrùlé wa lójúmọ́? Ṣé ìyẹn kò tó ọ wò?”

Ó ní, “Bàbá mi, wíwà ni mo ní, mi ò ní wíwò.”

Ẹnu ọmọ yẹn mú. Èmi ló jọ. Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ sí Ọmọ̀lé, á wẹ̀, á dirun, á fi lọ́fínńdà sára. Mo bi ara mi pé ẹni tó fẹ́ lọ wa bàálù inú àpótí, kí ló fẹ́ fi lọ́fínńdà ṣe? Ta ló fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ nínú bàálù?

Mo ronú kan ọ̀nà tí mo fi máa mú un. Àbúrò mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan nítòsí ojú irin ní Agége. Ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ìwáṣẹ́ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó sì ní kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀. Mo pe ọmọ mi.

“Kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ kékeré. Kò jìnnà. Máa lọ wa bàálù rẹ níbẹ̀.”

Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. “Bàbá, tiwọn kò lè gbé e. Kò lágbára tó.”

“Kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá mi. Bí mọ́tò ni. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń gun òkè.”

Ìdáhùn yẹn yá jù fún mi. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá wà létè kó o tó bi í, ó ti jókòó dè ọ́ ni. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, mo sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀.

“Irọ́ ni. Ọkùnrin ló wà ní Ọmọ̀lé. Mo máa lọ wádìí bóyá kọ̀ǹpútà àbúrò mi lè gbé eré yẹn. Bó bá lè gbé e, á jẹ́ pé ọmọ yìí pa irọ́ fún mi. Bí wọ́n bá sì ṣí yunifásítì lọ́la, kò padà síbẹ̀. Á wá jókòó tì mí nídìí ẹran.”

Ìyàwó mi ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè. “Bí kò bá lè gbé e ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. Á lọ parí ìwé rẹ̀, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ẹ ti sọ ọ́ o, Bàbá wọn. Mo gbọ́.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo wọ dànṣíkí funfun, mo dé fìlà, mo lọ sí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Nígbà náà, ibẹ̀ kò tíì di ọjà kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ilé gbígbé ló pọ̀ jù. Ṣọ́ọ̀bù kan á wà nínú gáréèjì ilé kan, òmíràn á wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kejì. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ń pè mí ní Alájì. Mi ò tíì lọ sí Mẹ́kà nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù. Bí o bá fẹ́ mọ bí agbára ẹran kan ṣe tó, ọ̀dọ̀ ẹni méjì tí kò mọ ara wọn lo máa lọ. Lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra irú rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ṣe bí ẹni tó ní irú rẹ̀ láti tà. Ẹni tó fẹ́ tà fún ọ á gbé e ga, ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni òótọ́ máa ń wà. Ọgbọ́n yìí kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, mo rí ọ̀kan tó dà bíi ti àbúrò mi gẹ́lẹ́. Mo nawọ́ sí i.

“Èyí ńkọ́? Ṣé ó lè gbé eré bàálù?”

“Alájì, èyí?” Ọkùnrin náà lu orí rẹ̀ bí ẹni tó ń lu ẹ̀yìn ẹṣin. “Á gbé e fò. Ẹ máa rò pé bàálù gidi lẹ wọ̀ ni.”

Mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ní ìparí àdúgbò náà. Ẹ̀pà ni ẹni tó ni ín ń jẹ. Mo ní mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ tà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fóò-éétì-síìsì ni, bíi ti àbúrò mi, ó sì ń gbé eré bàálù dáadáa.

Ó dáwọ́ ẹ̀pà dúró. “Fóò-éétì-síìsì ló ń gbé eré bàálù? Alájì, ìyẹn kò lè gbé kẹ̀kẹ́. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ó pé.”

“Ó pé báwo?”

“Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé ni. Ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀.”

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó nasẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ mú páálí eré náà jáde. Àwòrán bàálù wà lójú rẹ̀. Ó yí i padà. “Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, Alájì. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Mo gbà á, mo wò ó dáadáa, mo dá a padà fún un. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fi dá a padà. Ohun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn páálí, ẹni tó fẹ́ ta páálí ló kọ ọ́. Èmi náà lè kọ ọ́ sára màlúù pé kò ṣàìsàn.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo ń ro ó. Ẹnì kan ní á fò, ẹnì kejì ní kò lè gbé kẹ̀kẹ́. Kò sí àárín níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àwọn tó ń tà á fúnra wọn, èrè rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ọjà. Ẹran tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti dà báyìí, ojú ara ẹni la fi ń wò ó. Eré náà wà ní Ọmọ̀lé. Kọ̀ǹpútà àbúrò mi wà ní Agége. Màá gbé ọ̀kan lọ bá èkejì, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Bí mo bá bá ọkùnrin níbẹ̀, mo ti fi òkò kan pa ẹyẹ méjì.

Ọjọ́ Àìkú kan tí ọmọ mi ti lọ sí Ọmọ̀lé ni mo lọ bá àbúrò mi, torí kì í rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó dìde dúró síwájú kọ̀ǹpútà náà, ó tẹ́wọ́ méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Eléyìí kì í ṣe orí ẹran tí ẹ lè sọ sẹ́yìn ọkọ̀.”

“Ta ló ra irin tí o fi ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Kúrò lọ́nà.”

Ó kúrò. Ó sọ fún mi bí mo ṣe máa gbé e, pé n kò gbọdọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀, pé n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan lé e. Mo ní mo ti gbé ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí rí. Mo fi àpò tí a fi ń bo ẹran wé e, mo tẹ́ àwọn àpò tó kù sábẹ́ rẹ̀, mo sì rọra wakọ̀. Láti Agége títí dé Ọmọ̀lé, kò fi ibì kankan gbá.

Mẹ́gáàdì wọn kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Mo kí i ní Haúsá, mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè màlúù ilé wọn, ó sì ṣí géètì gbayawu. Ẹ̀kọ́ tí wọn kì í kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Ajá wọn kò tilẹ̀ gbó mi. Àpò ẹran tí mo gbé sáyà ló ń gbóòórùn, ó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn bí ọmọ mi.

Ìyá ilé náà jáde wá, obìnrin jẹ́jẹ́, ó wọ awò ojú. “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Mo ní, “Èmi ni bàbá ọmọ tó ń wá wa bàálù nílé yín. Kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá, kí wọ́n bá mi dán an wò.”

Ó wo àpò, ó wo ajá, ó ní kí n máa bọ̀ nínú ilé.

Ọmọ mi jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà wọn ní pálọ̀, ó di ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bàálù mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi rí mi, ó kúnlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà ní ìkángun pálọ̀ lọ́hùn-ún, ó ń ka ìwé. Ìyá ilé ní ọmọ òun ni, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Mo fura lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ Ọmọ̀lé tí mo mọ̀, orí ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Ta ló sọ fún eléyìí pé bàbá tó ń bọ̀ fẹ́ràn ìdọ̀bálẹ̀? Kí ló dé tó sì jókòó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin tó jókòó jìnnà, ó ní ohun tó ń sá fún.

Mo ní kí ọmọ mi má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ọ̀dọ́kùnrin náà pàápàá má sún mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ní kó ṣe gbogbo rẹ̀ lójú mi. Ó so wáyà, ó tanná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, èyí bá jáde, òmíràn á wọlé. Mo gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀: ó ń gbóná. Mo dẹtí sí i: ó ń kùn bí ẹran tó rìn wá láti Òkè Ọya. Ìyá ilé gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì wá, mo ní mo ti yó. Ẹni tó fẹ́ dájọ́ kì í jẹun nílé ẹjọ́.

Àwòrán yọ. Mo rí pápá ọkọ̀ òfúrufú, mo rí bàálù tó dúró níbẹ̀ tapátapá rẹ̀.

Mo wo ọmọ mi. Mo ní, “Ó gbé e.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rìn ná.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ nǹkan kan. Bàálù náà kò mira. Nígbà tó yá, a ṣàdéédé rí i níwájú, bí ẹni pé wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó tún dúró. A tún rí i níwájú. Kò rìn láàárín méjèèjì. Bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ìwé àwòrán ni. Ariwo inú kọ̀ǹpútà ń le sí i. Ibi tó yẹ kí bàálù ti gbérí kúrò nílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá a lóhùn. Mo ní kí wọ́n fi tiwọn hàn mí. Tiwọn sáré, ó gbérí, ó fò kọjá òkè kan, ó yí, bí omi ni.

Ìyá ilé ní, “Ṣé a máa wá ní ó gbé e ni, sà, àbí kò gbé e?” Ẹ̀rín ló fi bi mí. Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ló wà lórí tábìlì òun.

Mo lè ní ó gbé e. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn? Gbogbo wa la rí bàálù. Ṣùgbọ́n a ní òfin kan ní Oko Ọba, mo sì ti fi òfin yẹn parí ìjà àwọn tó jù mí lọ. Ẹran tó bá dúró, tó ń mí, àmọ́ tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti inú ọgbà dé ibi tí a ti ń dúńbú, a kì í ka ìyẹn mọ́ ẹran ààyè. Ẹni tó rà á lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó tà á ti ké mọ́ mi pé, “Ṣé kò mí ni?” Mo máa ń dá a lóhùn pé mímí kọ́ ni rírìn. Ṣé torí pé kò sí alápatà mìíràn ní pálọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi gbàgbé ohun tí mo máa ń sọ?

Mo ní, “Kò gbé e. Ọmọ mi kò purọ́.”

Ọmọ mi jókòó sórí ilẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ló bá mi gbé kọ̀ǹpútà jáde. Mo dúró bá ìyá ilé dágbére, ìgbà tí mo sì fi dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Mo wo okùn náà. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a ṣe ń so ẹsẹ̀ màlúù nìyẹn. Kò ní tú bí ẹran bá ta títí, ṣùgbọ́n ìka kan péré la fi ń tú u. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi, èmi sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ mi. Mi ò rí i lọ́wọ́ ọmọ Ọmọ̀lé rí.

Mo ní kí ọmọ mi wọlé sínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé àdúgbò Ọ̀gbà, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

“Ta ló kọ́ ọmọkùnrin yẹn bí a ṣe ń so ẹran?”

“Èmi ni.”

“Màlúù wo lẹ fẹ́ so ní Ọmọ̀lé?”

“Páálí ìwé ni, Bàbá. Ó ń tú ṣáá, mo sì fi hàn án.”

“Òun lò ń lọ wò.”

“Bàálù ni mò ń lọ wà.”

“Bàálù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun náà sì wà níbẹ̀.” Ó ń wo iwájú. “Ẹ ní kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ dán wò, Bàbá mi. Ẹ ti dán an wò.”

Mo fẹ́ gbá a létí. Mi ò gbá a. Àwa méjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá délé tí mo ní kọ̀ǹpútà gbé eré, ta ló máa mọ̀? Àbúrò mi kò lè jẹ́rìí, ajá kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níṣojú àwọn èèyàn. Ẹni tó dájọ́ ẹran tán, tó tún padà lọ yí i torí pé inú ń bí i, wọn kì í pè é sí ẹjọ́ mọ́. Wọ́n ṣì ń pè mí títí di òní.

Mo tún ṣíná sí ọkọ̀. Mo ní, “O máa parí ìwé rẹ. Ọmọkùnrin yẹn, mi ò tíì rí i.”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tán ni, Bàbá mi.”

“Mo ní mi ò tíì rí i. Ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ bá mú un wá sílé mi ni mo máa rí i.”

Ó rọra ní, “Mo gbọ́, sà.”

Àbúrò mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tó ń retí òkú. Ó tanná sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi jókòó sí ìdí àdògán.

“Bàbá wọn, ẹ káàbọ̀. Ó gbé e àbí kò gbé e?”

“Kò gbé e.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀?”

“Ajá wọn.”

Ó wò mí, ó pẹ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ tipẹ́, òun náà sì mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó sì fi ẹran kún un ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ẹran yẹn gan-an, mo kọ́kọ́ wò ó kí n tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí yunifásítì, èmi fúnra mi ni mo wa ọmọ mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú lásìkò náà. Mo já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n fún wọn gbé. Mi ò yára lọ. Gbogbo ọkùnrin tó wá kí i káàbọ̀ ni mo kí, mo bi wọ́n ní ìlú wọn, mo bi wọ́n ní iṣẹ́ bàbá wọn, títí ọmọ mi fi wá bẹ̀ mí pé ilẹ̀ ń ṣú, pé kí n máa lọ sílé.